Ẹ̀yin Àgbẹ̀ Ifẹ̀, Orúkọ Yín Dà Nínú Ìwé Káńsù?

 

Ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ bi yín: lónìí tí ẹ ń ka ìwé yìí, tàbí tí ọmọ yín ń kà á sí yín létí, inú ìwé wo ní ilé káńsù ni orúkọ yín wà gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀?

Ẹ má tíì dáhùn. Orúkọ yín lè wà nínú ìwé olùdìbò, a mọ̀. Ojú yín sì lè ti di ojú tí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjà Odò-Ògbè dá mọ̀ dáadáa. Ìyẹn kọ́ là ń bi yín. Ohun tí à ń bi yín ni pé, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Lágbájá ọmọ Tàmẹ̀dù ní oko kòkó tó tóbi tó báyìí, ní abúlé báyìí, pé odò báyìí ni ààlà òun àti Làkáṣègbè? Bí ẹ bá rí àgbẹ̀ mẹ́wàá ní abúlé yín, tí ẹ sì rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá fi hàn wá, a ó bá a yọ̀.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé, bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni àwọn òṣèlú máa ń rántí pé àgbẹ̀ wà láyé. Wọn á pe ìpàdé, wọn á pe onílù, wọn á dé àgbà àgbẹ̀ kan ní fìlà, wọn á gbé ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fi gíláàsì bò lé e lọ́wọ́, wọn á pín àdá àti ọkọ́ bíi mélòó kan, fọ́tò á wá máa dún ṣàkà-ṣàkà. Wọ́n á ní àwọn ti dá àgbẹ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá tí wọ́n dé ní fìlà á gbé àpò kòkó sẹ́yìn ọ̀kadà, ọ̀kadà á sì dojú dé sínú kòtò, lójú ọ̀nà tí gírédà kò tíì kàn láti ìgbà tí àwa ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ṣé ìwé inú gíláàsì ni yóò fi dí kòtò?

A ò sọ pé kí wọ́n má yẹ́ àgbẹ̀ sí o. Ẹ̀yẹ dára. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, lẹ́yìn ọ̀dá àti iná tó jó oko wọn láàárín 1982 àti 1983, àwọn àgbẹ̀ wọn tún ọkọ́ gbé, oúnjẹ sì padà wá ní 1984. Ìjọba wọn wá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti 1985, wọ́n fi í sí ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti apẹja. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún àgbẹ̀ tó gba ipò kìíní lọ́dún náà kò ju àdá méjì, bàtà òjò kan àti rédíò kékeré kan lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di 2002, ilé oníyàrá mẹ́ta ni ẹni tó gba ipò kìíní ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yẹn kọ́ ni kí ẹ máa wò. Ohun tí kí ẹ wò ni pé bóòdù kòkó tiwọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, kò kú. Òun ló ń sọ iye tí kòkó máa jẹ́ ní àsìkò ìkórè, tí àgbẹ̀ á sì gbọ́ ọ lórí rédíò kí ó tó kó kòkó jáde nílé. Wọ́n ti kọ orúkọ àgbẹ̀ kòkó wọn sílẹ̀, wọ́n sì ti ń wọn oko wọn. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dùn bí oyin lọ́hùn-ún o. Nígbà tí kòkó gbówó lórí ní 2024, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Gánà ló ń ráhùn pé iye tí bóòdù ń san kéré sí ti ọjà àgbáyé, àwọn mìíràn sì ń gbé kòkó gba ẹ̀yìn sọdá ààlà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń ráhùn níbẹ̀ mọ ẹni tí òun ń ráhùn sí. Ní tiwa ńkọ́, ta ni ẹ fẹ́ bá jà?

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Àwa náà ní bóòdù rí. Ní 1947 ni wọ́n dá Máàkẹ́tìn Bóòdù kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tó di 1954 wọ́n pín in sí agbègbè-agbègbè, tiwa sì bọ́ sábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé bóòdù á ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye kan, wọ́n á tà á lókè òkun ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kó èlé rẹ̀ pamọ́. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ tí ọjà bá bàjẹ́ ni. Owó àgbẹ̀ nìyẹn. Owó yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Ó wà lára ohun tó gbé ilé amóhùnmáwòrán dìde ní Ìbàdàn ní 1959, àti Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ń jẹ́rìí. Yunifásítì Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, tó sì kó wá sórí ilẹ̀ tiwa níbí ní 1967, owó kòkó wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ti ń dáko. Bí ẹ bá rí dókítà tàbí lọ́ọ̀yà ọmọ Yorùbá tí irun rẹ̀ ti funfun, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú ìwé ni wọ́n ti bí òun, ẹ rọra bi í pé ta ló ń gé kòkó nígbà tí òun wà nílé-ìwé.

Ní 1986, nígbà tí ìjọba ológun gba ètò àtúntò ọrọ̀ ajé wọlé, wọ́n tú bóòdù ká. Àwọn kan yọ̀, torí bóòdù náà ti ń jẹ àgbẹ̀ ní ìjẹkújẹ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò fi nǹkankan dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní ìwọ̀n àti owó lọ́wọ́ ló ń dá iye lé kòkó. Ẹ rántí 2024 yẹn náà: ní oṣù Kẹta, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ohun tí ojú ò rí rí, nígbà tó fi di oṣù Kejìlá ó ti dé nǹkan bí 12,000. Àrùn àti ojú ọjọ́ tí kò dára ló ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Ivory Coast, níbi tí ó ju ìdajì kòkó gbogbo ayé lọ ti ń jáde. Nígbà tí 2025 sì ń parí lọ, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Nígbà tó ń gòkè, ta ló sọ fún yín? Nígbà tó ń já bọ̀, ta ló kìlọ̀ fún yín? Àgbẹ̀ mìíràn ti gba owó lọ́wọ́ alárobọ̀ nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi, nítorí owó ilé-ìwé àti owó ilé ìwòsàn. Ẹni bẹ́ẹ̀, ìròyìn ló fi gbọ́ pé kòkó gbówó lórí.

Káńsù kò lè pàṣẹ fún ọjà àgbáyé, a ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n káńsù lè ra pátákó dúdú kan àti ẹfun, kí ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé kan máa kọ iye tí kòkó, ekùrọ́ àti gààrí jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Káńsù lè gbé ìwọ̀n kan tí kì í parọ́ kalẹ̀, kí ẹni tí ìwọ̀n oníkòkó bá ṣe ní kàyéfì lọ tún un wọ̀n níbẹ̀. Èló ni ìyẹn yóò ná wọn? Kò tó owó bẹ́ńtírò ọkọ̀ alága fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní bàbá tàbí bàbá bàbá tó rí ogun Àgbẹ̀kọ̀yà, ẹ bi wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá 1968 ló bẹ́ sílẹ̀, ó sì gbóná janjan ní 1969, láti Ìbàdàn kan Ògbómọ̀ṣọ́, kan àwọn abúlé káàkiri ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà ayé ìjọba Adéyínká Adébáyọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ owó-orí nìkan ni. Rárá o. Àwọn àgbẹ̀ ní kí wọ́n dín owó-orí kù, bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sì yéé fi ipá gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí wọ́n tún ọ̀nà abúlé ṣe, kí wọ́n fi kún owó kòkó, kí wọ́n sì kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí ń yọ àwọn lẹ́nu kúrò ní abúlé. Ẹ gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù gan-an ni àgbẹ̀ kọ̀, torí pé àwọn nìkan ni ojú ìjọba tí àgbẹ̀ ń rí, wọn kì í sì í wá àfi bí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan. Ẹ̀mí ṣòfò, ọba kú, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó tó di pé Awólọ́wọ̀ dá sí i, tí Tafa Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbọ́, tí wọ́n sì sọ owó-orí di pọ́n-ùn méjì. Owó-orí wálẹ̀. Ọ̀nà abúlé ńkọ́? Ẹ wo ẹsẹ̀ yín.

Lọ́dún 1969 kan náà, yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní abúlé Ìṣọ̀yà àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀, nítòsí Ifẹ̀ níbí. Àwọn olùkọ́ wọ inú oko lọ bá àgbẹ̀, wọ́n mú irúgbìn àgbàdo tó dára lọ, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ní ọ̀nà tí iṣẹ́ wọn yóò fi mówó wọlé. Kí ló dé tí káńsù wa kò fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wa? Àwọn òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú láti ọ̀nà jíjìn ń wá kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ifẹ̀, àgbẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wọ inú òfin, torí wọ́n máa ń fi òfin dẹ́rù bà yín. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ka iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe. Ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilé-ìwé gan-an, ṣáájú ọ̀rọ̀ ìlera. Ìwé náà ní kí káńsù ṣe ọjà, kí ó ṣe ọ̀nà. Nítorí náà, alága tó bá ra àdá pín, tó ní kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un lé lórí ni kò tíì ṣe tán.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí wọn kì í sọ fún yín, wà nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹta 1978. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òfin náà gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ pé ó fi ilẹ̀ oko lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ kò pọ̀. Káńsù ló ní agbára láti fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ oko, títí dé 500 hẹ́kítà fún ẹnì kan, kó tó di pé gómìnà dá sí i. Apá kẹrìndínlógójì òfin náà tún lọ síwájú. Ó ní bí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ oko bá ya àwòrán oko rẹ̀, àwòrán lásán o, kì í ṣe ìwé sáfè olówó gọbọi, tí ó gbé e lọ sí káńsù, tí ó sì tẹ́ káńsù lọ́rùn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà, káńsù gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Gbọ́dọ̀, ni òfin wí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òfin yìí ti wà. Mélòó nínú yín ni káńsù ti pè pé, ẹ mú àwòrán oko yín wá?

A mọ̀ pé bí a ti dárúkọ ilẹ̀ yìí, àyà àwọn kan á ti já. Ifẹ̀ ni a wà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàárín wa, àlejò ni. Ìjà 1981 àti èyí tó bẹ́ ní 1997 títí wọ 2000 ti jẹ oko àti ènìyàn tó pọ̀ jù, a ò ní tú ojú egbò nínú ìwé ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n kí onílẹ̀ má bẹ̀rù: ní 1991, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ́ kedere nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yakubu pé òfin 1978 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ó gbé e fún ẹni tó yá a lò. Kí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn náà má bẹ̀rù: kíkọ orúkọ sílẹ̀ pé oko yìí, èmi ni mo gbìn ín, kò sọ ọ́ di onílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lóru ọjọ́ kan kí ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Onílẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, olóko wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olóko. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ níṣojú ẹ̀rí kì í tètè di ìjà bí èyí tó wà lẹ́nu lásán.

Ẹ lè sọ pé, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àwọn bàbá wa dáko láìsí ìwé, kòkó sì ń tà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ ṣe òfin kan pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà àti igi tí wọ́n bá gbé wọ ilẹ̀ àwọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ibi tí oko rẹ̀ wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Kòkó tó bá ti inú oko tí wọ́n pa igbó dá lẹ́yìn òpin ọdún 2020 jáde, wọn ò rà. Wọ́n ní òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2024, wọ́n sún un sí òpin 2025, wọ́n tún sún un sí òpin 2026. Wọ́n ń sún un o, wọn ò tíì sọ pé àwọn ti ya á dànù. Apá tó pọ̀ jù nínú kòkó Nàìjíríà, Yúróòpù ló ń lọ, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kòkó náà ti ń jáde jù lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra kòkó ti ń rán ọmọdé kiri abúlé pẹ̀lú fóònù láti wọn oko. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ìwé ìwọ̀n oko yín wà bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán? Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó wọ̀n ọ́n ni. Bí ẹ bá fẹ́ ta kòkó fún ẹlòmíràn tó san owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ẹni tí ìwé oko yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀gá yín, kódà bí kò bá fẹ́.

Bí káńsù bá ṣe iṣẹ́ yìí, ìwé náà á jẹ́ ti àgbẹ̀. Kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oko tí kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú kan ṣoṣo lórí máàpù ti tó fún òfin Yúróòpù yẹn. Fóònù ọmọ yín tó ń ṣe ọ̀kadà lè fi í hàn. Oko tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni wọ́n ní kí a yí ààlà rẹ̀ ká. Òṣìṣẹ́ méjì pẹ̀lú ọ̀kadà kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lè ṣe é tán láàárín ọdún kan. Kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn obìnrin sí i, torí pé obìnrin tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tó ń fi í ṣe gààrí tí gbogbo ìlú ń jẹ, àgbẹ̀ lòun náà, kì í ṣe ìyàwó àgbẹ̀.

Wọ́n á ní owó dà? A ti ń retí ìyẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Gbogbo ìlú ló jó. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun tiwa? Ní oṣù Kejì 2025, àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó ni ilé káńsù, àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní 2022 àti àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní 2025. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìjọba àpapọ̀ mú owó káńsù wa dání, wọn ò fi ránṣẹ́. Ti ìpínlẹ̀ ń nàka sí ti àpapọ̀, ti àpapọ̀ ń nàka sí ti ìpínlẹ̀, lọ́ọ̀yà ẹgbẹ́ méjèèjì ń gbowó. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń jà yẹn, kòkó ń gbówó lórí, ó sì tún ń já wálẹ̀, àgbẹ̀ tó bá sì gbé àwòrán oko rẹ̀ lọ sí sẹkitéríàtì, gedé ilẹ̀kùn títì ni yóò kí i káàbọ̀. A bi wọ́n: nínú ìwé ẹjọ́ gbogbo tí wọ́n kọ, ṣé ẹyọ ìlà kan wà níbẹ̀ tó dárúkọ àgbẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ló ń lọ déédéé, òun ni owó gbígbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi okùn tàbí igi dí ọ̀nà oko, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu, tí wọ́n ní káńsù ló rán àwọn, ẹ ti rí wọn. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé òfin owó-orí tí wọ́n ṣe ní 1998 ti ka dídí ọ̀nà nítorí owó gbígbà léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìjọba fúnra rẹ̀. Òfin náà gbà kí káńsù gba owó ọjà nínú ọjà. Kò gbà kí wọ́n dúró sínú igbó bí adigunjalè. Nígbàkigbà tí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè rìsíìtì, kí ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ fi í pamọ́. Iye yòówù tí ẹ ti san láti ọdún dé ọdún, bí ẹ bá ní rìsíìtì rẹ̀, òun náà jẹ́ ẹ̀rí pé àgbẹ̀ ni yín, àti pé káńsù mọ̀ yín nígbà tó fẹ́ gbà.

Ẹgbẹ́ wa kò ṣe ìlérí òkè òkun fún yín. A ò sọ pé a ó fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tírákítọ̀. Ìjọba lónírúurú ti wí bẹ́ẹ̀ fún yín láti ìgbà ètò bíbọ́ orílẹ̀-èdè ní 1976, a tún gbọ́ ètò àgbẹ̀ alárọ̀ọ́tun ní 1980, a gbọ́ ti ọ̀nà abúlé ní 1986, a gbọ́ ti ajílẹ̀ orí fóònù ní 2012, a gbọ́ ti owó yíyá ní 2015. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò ká ọwọ́ aṣọ rí ló kọ́kọ́ ń gba fọ́ọ̀mù, torí kò sí ìwé kankan tí a lè wò kí a mọ ẹni tó jẹ́ àgbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí olùdíje wa ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ti fọwọ́ sí ni pé, láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé, wọn á ṣí ìwé àgbẹ̀ ní káńsù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ifẹ̀, Àárín, Ìlà-Oòrùn, Àríwá àti Gúúsù, kí wọ́n sì kọ orúkọ sínú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà nìkan ni yóò gba ajílẹ̀, oògùn kòkó tàbí owó yíyá tó bá gba ọwọ́ káńsù wá. Àti pé wọn á lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ọjà, kí gbogbo ènìyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá a kó ọmọ ẹgbẹ́ wa tí kò mọ ọkọ́ sí i. Bí a bá kó wọn sí i, kí ẹ pariwo lé wa lórí.

Bí olùdíje ẹgbẹ́ mìíràn bá wá bá yín, ẹ má lé e. Ẹ fún un lómi mu, kí ẹ wá bi í nípa apá kẹrìndínlógójì òfin ilẹ̀. Bí ó bá ní òun kò gbọ́ ọ rí, ẹ kà á fún un nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ ò sì nílò kí ẹ dúró dè wá kí a wọlé. Òfin ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga káńsù ló sì dè. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, láti ìsinsìnyí lọ, ẹnì kan yóò jókòó ní ilé ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan láti bá yín kọ lẹ́tà sí akọ̀wé káńsù, ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ mú bébà kan wá tí ẹ ti ya oko yín sí: odò tó wà níbẹ̀, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, igi ńlá tó wà ní ààlà, orúkọ ẹni méjì tí ẹ jọ pààlà. Kí ẹ ṣe é ní méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí akọ̀wé káńsù sì fi òǹtẹ̀ lu èyí tó wà lọ́wọ́ yín pé òun ti gbà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì dání. Ọmọ náà ni yóò ya àwòrán oko bàbá tàbí ìyá rẹ̀.